Ìdáhùn Tí Ọlọ́run Kò Rán

"Kí ni Olúwa wí?"

Màmá Oríọlá kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fún Fọláhànmí ti pé, ó sì ti wá gba èsì. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá ọmọbìnrin náà ní Àkúrẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orúnkún, ó tẹjú mọ́ ọn.

Fọláhànmí mọ èsì náà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti mọ̀ ọ́n.

"Màmá, Olúwa ní kì í ṣe Arákùnrin Iredélé."

"Kì í ṣe Iredélé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Màmá Oríọlá mí kanlẹ̀, ó dìde. "Ó yà mí lẹ́nu o, ọmọ mi. Bí mo ṣe ń wo ẹ̀yin méjèèjì, mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ta ni èmi? Bí Ọlọ́run bá ti sọ̀rọ̀, kálukú á pa ẹnu rẹ̀ mọ́."

Ó lọ. Fọláhànmí ti ilẹ̀kùn, ó sì rí i pé ọwọ́ òun ń gbọ̀n.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìjọ wọn nìyí. Arákùnrin tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí arábìnrin kan kò ní lọ bá a fúnra rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ni yóò lọ bá. Ìgbìmọ̀ á rán Màmá Oríọlá sí arábìnrin náà, òun náà á sì gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti gbàdúrà. Láàárín àkókò yẹn, àwọn méjèèjì kò gbọdọ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní Ọlọ́run ní bẹ́ẹ̀ ni, ètò bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní Ọlọ́run ní rárá, ó parí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ béèrè ìdí. Ètò tó dára ni, fún ẹni tí kò bá ní purọ́.

Ọdún kan ṣáájú ni Fọláhànmí àti Iredélé kọ́kọ́ pàdé. Fọláhànmí ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọ̀gbìn ní yunifásítì kan ní Àkúrẹ́. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ wo oko kòkó kan ní Bọ́lọ́rundúró. Ó na ìka sí igi kan tí ewé rẹ̀ ti ṣá, ó ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ilẹ̀ tí kò lóúnjẹ nínú mọ́." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Olóko dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. "Ẹ má bínú, tíṣà. Ẹ gbójú sókè díẹ̀."

Ó gbójú sókè. Àfòmọ́ ti gba gbogbo orí igi náà, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ń padà sínú ọkọ̀, Fọláhànmí bá ọkùnrin náà jà díẹ̀. "Ẹ ò bá ti pè mí sí kọ̀rọ̀ kí ẹ sọ fún mi."

"Ṣé kọ̀rọ̀ lẹ ti purọ́ mọ́ ilẹ̀ mi ni?"

Inú ti fẹ́ bí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ọkùnrin náà, Iredélé ni orúkọ rẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún mẹ́rin ní Àkúrẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀ tí ó lọ ń dáko. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Fọláhànmí rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ gan-an, ní ìjókòó ẹ̀yìn níhà ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin. Ó ti ń wá síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó tilẹ̀ ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, Fọláhànmí ni kò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, bí Iredélé bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá fún Màmá Oríọlá lórí máṣínnì rẹ̀, á ní kí wọ́n yọ díẹ̀ fún "tíṣà tí kò mọ àfòmọ́". Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi kí ara wọn báyìí lẹ́yìn ìsìn, kí Iredélé tó gbé orúkọ rẹ̀ lọ bá ìgbìmọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún Fọláhànmí, ó kúnlẹ̀ láti gbàdúrà. Kò tíì sọ gbólóhùn kan tí ó fi gbọ́ ọ nínú ọkàn rẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà fún èèyàn: Òun ni. Má bẹ̀rù. Inú rẹ̀ dùn fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Lọ́jọ́ karùn-ún ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó láti sọ fún ìyá rẹ̀.

Ìyáàfin Fọláṣadé ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ọdún pípẹ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì. Opó ni. Òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń gbàdúrà ní ìjọ tirẹ̀ ní ìlú Oǹdó, àwọn èèyàn a sì máa bẹ̀ ẹ́ pé kí ó gbàdúrà fáwọn.

"Àgbẹ̀?" ni ó wí.

"Ó kàwé, Màmá. Yunifásítì ló ti jáde."

"Ẹni tó kàwé tó tún padà sídìí àdá, kí ni ìwé ọ̀hún ṣe fún un? Ìwọ tí o fẹ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n! Ìwọ ni wàá máa wẹ ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ bàtà ọkùnrin?"

"Màmá, mo gbàdúrà lórí ẹ̀. Ọlọ́run ti—"

"Ọlọ́run náà ni kí o lò." Ìyá rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Sọ fún wọn pé Ó ní rárá. Ta ni yóò bá Ọlọ́run jiyàn? Wọn ò ní bínú sí ọ. Ọmọkùnrin náà pàápàá ò ní bínú. Ilẹ̀kùn tí a bá fi orúkọ Ọlọ́run tì, ẹnikẹ́ni kì í kàn án."

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹrù náà lé ìyá lórí. Bí Fọláhànmí ṣe ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, ó ń rò bí òun yóò ṣe mú Iredélé lọ síbi àsè òpin ọdún ní yunifásítì, tí ìyàwó ọ̀gá òun yóò béèrè pé, "Iṣẹ́ wo ni ọkọ yín ń ṣe?" Ojú ti ń tì í sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kàn jẹ́ ọ̀pá tí ó fara tì ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe purọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ méjì ni oúnjẹ kò fi lọ ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Màmá Oríọlá dá a dúró lẹ́yìn ìsìn. Òfin ìjọ gbà kí arákùnrin béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

"Iredélé ní kí a tún bi ọ́. Ó ti gbààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Ó ní bóyá ohun tí kò tọ́ kan wà lára òun, pé bí òun bá tún un ṣe, bóyá Ọlọ́run á yí ohùn padà."

Nǹkan gún Fọláhànmí láyà. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ní ohùn tó rẹlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ: Sọ òtítọ́.

"Ìdáhùn kan náà ni, mà."

Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó jẹ iyán, ó sì yó.

Ọdún kejì, Màmá Oríọlá pè é lórí fóònù. Fọláhànmí ń lọ aṣọ tí yóò wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

"Ọmọ mi, ìgbìmọ̀ ní kí Iredélé mú orúkọ mìíràn wá. Èmi ni mo ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́. Kì í ṣe òfin, ìfẹ́ ló jẹ́ kí n bi ọ́. Ṣé nǹkan kan yí padà?"

"Kò sí, mà. Bó ṣe wà náà ló wà."

Kò gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ nígbà tí ó ń sọ ọ́. Ó lọ apá aṣọ náà tán, ó lọ ọrùn rẹ̀. Ìgbà tó ká aṣọ náà ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fura pé òun kò gbọ́ ohùn kankan lọ́tẹ̀ yìí. Ó pe ìyẹn ní àlàáfíà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Alàgbà Ògúnníyì, alága ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó, wàásù. Ó ní, "Ẹni tí Ọlọ́run bá wí, tí ó ń sunkún, ẹ má bẹ̀rù fún un. Ẹni tí Ó bá wí, tí kò dùn ún, òun ni kí ẹ bẹ̀rù fún." Fọláhànmí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, Olúyẹ́misí kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, inú ọgbà kan náà ni wọ́n ń gbé, ó sì fẹ́ràn Fọláhànmí bí ẹ̀gbọ́n.

"Sístà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ó ní ohun tí mo fẹ́ bi yín, mo sì mọ̀ pé wọn kì í bi èèyàn."

"Jókòó ná. Kí ló dé tí o dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé?"

Olúyẹ́misí kò rẹ́rìn-ín. "Màmá Oríọlá mú orúkọ kan wá bá mi. Arákùnrin Iredélé ni."

Fọláhànmí kò jẹ́ kí ojú òun yí padà. "Ó dára. Kí lo wá gbọ́?"

"Ó dà bí ẹni pé Ọlọ́run ní kí n gbà. Ọkàn mi balẹ̀ gan-an, sístà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní mi ò ní fẹ́ ẹ. Ó ní gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé ẹ̀yin gbàdúrà lórí ẹ̀, Ọlọ́run sì kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní Ọlọ́run kì í déédéé kọ èèyàn. Arábìnrin kan ní ẹ̀ka wa ní Oǹdó kọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá nítorí ẹ̀. Ẹ ò rí i pé kò kọ́ àwọn ọ̀dọ́ mọ́? Wọ́n ní kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò ná." Ó di ọwọ́ Fọláhànmí mú. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni Ọlọ́run fi hàn yín lára ẹ̀? Ṣé ó ní ìyàwó níbì kan ni? Ṣé olè ni? Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń retí èsì mi."

Fọláhànmí kò mọ̀ pé wọ́n ti yọ Iredélé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́. Kò mọ̀ nípa arábìnrin Oǹdó. Ó rò pé irọ́ òun ti kú sínú yàrá tí òun ti pa á.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni yóò tú ọkùnrin náà sílẹ̀. Ó sì rí i pé bí òun bá dákẹ́, Iredélé yóò wà bẹ́ẹ̀, láìní ìyàwó. Èrò yìí dùn mọ́ ọn.

"Gbàdúrà sí i," ni ó wí.

Olúyẹ́misí dìde. "Mo gbọ́, sístà. Ẹ ṣeun." Ó jáde, èjìká rẹ̀ wá sílẹ̀.

Fọláhànmí dúró lójú kan. Ó ń retí kí àyà rẹ̀ já. Kò já. Ó ní kí ọwọ́ òun gbọ̀n, kò gbọ̀n. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Olúwa, dárí jì mí," ó sì gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Ó tún un sọ. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí ẹni tó dáhùn, kò sì sí ohun tó dùn ún. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà á, ẹ̀rù náà pàápàá sì dà bí èyí tí ó ń wò lára ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Ẹtì ó lọ sí Oǹdó. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ nínú pálọ̀.

"Dákẹ́ ni tìrẹ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọmọ yẹn á kọ̀ ọ́. Ó tán."

"Màmá, wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn ní ẹlẹ́ṣẹ̀ nítorí mi."

"Ìwọ lo pè é bẹ́ẹ̀ ni? Àwọn ni wọ́n ro ohun tí wọ́n rò."

"Kì í ṣe ìyẹn ni mo bá wá gan-an. Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, Màmá. Bí mo bá ń gbàdúrà, ó dà bí kí n máa bá ògiri sọ̀rọ̀. Kò sì dùn mí. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù."

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká. Ó fẹ́ tù ú nínú ni. Ojú àánú ló fi wò ó.

"Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tí bàbá rẹ kú, ohùn náà ní kí n lọ parí ìjà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin. Mo ní mi ò lọ. Ó ń sọ ọ́, ó ń sọ ọ́, mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn. Nígbà tó yá, ó dákẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlógún nìyí. Mo sinmi."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún? Ṣé láti ìgbà náà..."

"Mi ò gbọ́ ọ mọ́."

"Àwọn èèyàn tí ẹ ń gbàdúrà fún ńkọ́, Màmá?"

"Mo mọ ọ̀rọ̀ àdúrà," ni ìyá rẹ̀ wí.

Fọláhànmí wo ìyá rẹ̀. Obìnrin tó mọ́ tónítóní, tó ń jí dédéé, tó ń lọ sí ìsìn dédéé, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ó rí ara rẹ̀ lórí àga yẹn ní ọgbọ̀n ọdún sí i. Ó dìde kí ó tó parí omi tó wà níwájú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ní ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì. Fọláhànmí ti bẹ Màmá Oríọlá pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé, kí wọ́n sì pe Iredélé àti Olúyẹ́misí. Alàgbà Ògúnníyì ní kí ó jókòó. Ó ní òun á dúró.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Màmá Oríọlá bi mí nípa Arákùnrin Iredélé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní Ọlọ́run ní rárá. Ọlọ́run kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́. Kò sí ohun tí Ó fi hàn mí lára rẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló tì mí lójú."

Màmá Oríọlá fọwọ́ bo ẹnu.

"Sístà Fọláhànmí," ni Iredélé wí, "kí ni Ọlọ́run wá sọ fún yín?"

"Ó ní ẹ̀yin ni."

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ kìn-ín-ní. Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tí mo fi gbọ́ ọ."

Iredélé tẹ orí ba. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò pè é ní sístà, kò sì fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀ mọ́. "Ṣé o mọ ohun tí mo ṣe? Mo gba Ọ̀wọ̀ lọ, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, mo bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí èmi àti òun ò mọ̀. Mo kọ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ mi láti kékeré sínú ìwé. Ẹran tí mo jí nínú ìkòkò ìyá mi wà níbẹ̀. Mò ń kà á fún Ọlọ́run lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń bi Í pé, 'Ṣé èyí ni? Ṣé èyí ni?' Ọdún méjì, Fọláhànmí. Mo rò pé Ọlọ́run ló kọ̀ mí."

Fọláhànmí kúnlẹ̀.

Alàgbà Ògúnníyì kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà di ẹkún. Ó ní Fọláhànmí kò ní kọ́ àwọn ọmọdé fún oṣù mẹ́fà, pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ yóò sọ ohun tó sọ yìí níwájú gbogbo ìjọ, kí orúkọ ẹlòmíràn lè mọ́. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Olúyẹ́misí. "Èsì rẹ dà?"

Olúyẹ́misí ń sunkún. Ó wo Fọláhànmí, ó wo ilẹ̀. "Ohun tí mo gbọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni, sà. Mo gbà."

Iredélé bá Fọláhànmí ní ẹnu géètì. Ó ti fẹ́ gun máṣínnì rẹ̀.

"Mo ti gbé orúkọ Olúyẹ́misí lọ bá ìgbìmọ̀," ni ó wí. "Mi ò ní yọ ọ́."

"Mo mọ̀. Má yọ ọ́."

"Ó wù mí kí n bínú sí ọ fún ọdún méjì gbáko, bí o ṣe bá mi lò ó. Ṣùgbọ́n mo ti rí lára rẹ ohun tí dídi ọkàn pa ń ṣe fún èèyàn. Nítorí náà mo dárí jì ọ́. Kò tíì rọrùn o. Mo kàn ń sọ ọ́ kí n má baà pẹ́ jù."

Ó lọ. Fọláhànmí padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ibi tí Iredélé máa ń jókòó sí. Ó dùn ún. Ó dùn ún débi pé ó tẹ ikùn mọ́ orúnkún rẹ̀. Wákàtí kan kọjá kí ó tó jáde, kí ó tó wọ kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Ọjà Ọba.

Nínú kẹ̀kẹ́ ni ìyá rẹ̀ ti pè é.

"Ṣé o lọ sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, Màmá."

"Ọmọkùnrin náà ńkọ́?"

"Olúyẹ́misí ni yóò fẹ́."

"Wọ́n sì já ọ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ, àbí?"

"Oṣù mẹ́fà. Lọ́jọ́ Ìsinmi màá sọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ."

"O pàdánù ọkọ, o pàdánù orúkọ. Ẹ gbà mí! Kí lo wá jèrè níbẹ̀?"

"Mo gbàdúrà lẹ́yìn náà, Màmá. Ó dá mi lóhùn."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún fọhùn, kì í ṣe ohùn ọ̀gá ilé ìwé mọ́. "Kí ni Ó wí?"

"Ẹ̀yin ni Ó béèrè lọ́wọ́ mi, Màmá."

Ọlọ́kẹ̀kẹ́ yà sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó ní àwọn ti dé ọjà. Fọláhànmí sọ̀kalẹ̀, ó di fóònù mọ́ etí. Ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń mí. Àwọn ọlọ́jà ń pè é sọ́tùn-ún sósì, kò dá wọn lóhùn, ó dúró lójú kan láàárín wọn, ó ń retí. Ìyá rẹ̀ kò sì pa fóònù náà.